Bí mo ṣe ra ilẹ̀ ìdókòwò mi àkọ́kọ́ ní Mọ́níyà

Nígbà tí mo pinnu láti fi owó tí mo ti ń tọ́jú dókòwò nínú ilé tàbí ilẹ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò ni ìgbà tí n ó tún nílò owó náà. Ẹni tí yóò fi owó rẹ̀ san owó iléèwé ọmọ láìpẹ́ kò gbọdọ̀ ra ilẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá ń kánjú ta ilẹ̀ kì í rí iye tó tọ́ gbà lórí rẹ̀. Mo yẹ ìpín ilé-iṣẹ́ bíi UPDC REIT wò, èyí tí ń gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé, tí ó sì ń pín èrè fún àwọn tó ra ìpín rẹ̀. Owó kékeré ni a lè fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, mo sì fi díẹ̀ sí i. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ni mo mọ̀ pé mi ò ní í fọwọ́ kàn fún ọdún mélòó kan. Bí ọ̀wọ́ngógó ọjà sì ṣe lé ní ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìparí ọdún 2024, mi ò fẹ́ kí ó jókòó sí báńkì.

Èkó ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n iye tí mo ní kò tó ra ilẹ̀ tó dára níbẹ̀. Mo yan Mọ́níyà, ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ní ìhà àríwá Ìbàdàn. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Èkó bọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọdún 2021, ibẹ̀ ló ń dé, ọgbà IITA tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà. Àwọn àjẹ́ńtì fẹ́ràn láti máa ta ohun tí ń bọ̀ lọ́nà: ilé-iṣẹ́ ńlá kan, ọ̀nà tuntun kan. Ohun tó ti wà nílẹ̀ nìkan ni mo ṣírò mọ́ owó tí mo fẹ́ san. Mo tún fi sọ́kàn pé pulọ́ọ̀tì Ìbàdàn kì í ṣe pulọ́ọ̀tì Èkó: ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú àti 100 ní òró ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n ní Ìbàdàn, 60 ní ìbú àti 120 ní òró ni ti Èkó, nítorí náà kò bọ́gbọ́n mu láti fi owó pulọ́ọ̀tì kan wé èkejì láì ṣírò bí wọ́n ṣe tóbi tó.

Kí n tó lọ wo ilẹ̀ kankan ni mo ti gba agbẹjọ́rò àti awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ. Inú àjẹ́ńtì tó mú mi kiri kò dùn sí i. Ó ní agbẹjọ́rò tí àwọn onílẹ̀ ń lò tó gbogbo wa lò. Ẹni tí olùtà ń sanwó fún kò lè gbèjà olùrà.

Ilẹ̀ àkọ́kọ́ tó wù mí wà nítòsí ojú títì, owó rẹ̀ sì kéré sí ti àwọn tó yí i ká, èyí tó ti tó ohun tí ń mú ènìyàn fura. Wọ́n kó ìwé àwòrán ilẹ̀ jáde, ó ní òǹtẹ̀, ó sì ní nọ́ńbà àwọn pílà tí wọ́n rì sí igun ilẹ̀. Awọnlẹ̀ mi kò pẹ́ lórí ìwé yẹn. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé orí ilẹ̀, ó wọn igun kọ̀ọ̀kan, ó sì kó àwọn nọ́ńbà tó rí lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà àwọn awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti fi wọ́n wé máàpù ìjọba. Àbọ̀ tó mú wá ni pé apá kan ilẹ̀ náà bọ́ sínú ibi tí ìjọba ti gbà. Olùtà ní ìjọba kò ní í dé ibẹ̀ láéláé, ó sì nawọ́ sí àwọn ilé tí wọ́n ti kọ́ síbẹ̀. Bóyá òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ gómìnà rẹ̀, ẹni tó bá sì ra ilẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba ti gbà á kò ní ẹ̀tọ́ kankan tí yóò dì mú lọ́jọ́ tí katakata bá dé. Mo fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Owó tí mo san fún awọnlẹ̀ lórí rẹ̀ wà lára èyí tí mo ná dáadáa jù nínú gbogbo ètò yìí.

Ilẹ̀ kejì, èyí tí mo rà, jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Mọ́gàjí ni olórí agbo ilé ní Ìbàdàn. Ilé ẹjọ́ ti là á lẹ́sẹẹsẹ tipẹ́ pé bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìsí àwọn àgbà ẹbí, àwọn yòókù lè mú un lọ sí ilé ẹjọ́ kí wọ́n sì fagi lé e. Nítorí náà, nígbà tí mo jókòó ti àwọn àgbà nínú agbo ilé wọn, mo béèrè iye ìyàwó tí bàbá tó ni ilẹ̀ náà fẹ́. Ìbéèrè yìí pa àwọn kan lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá mọ́gàjí mọ ohun tí mo ń wá. Ìdí-igi mẹ́ta, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ló wà nínú ẹbí náà, àwọn tí wọ́n sì kó jáde láti fọwọ́ síwèé wá láti ìdí-igi méjì péré. Wọ́n ní àgbà tó ń ṣojú ìkẹta wà ní Ìlọrin, pé yóò fọwọ́ sí i bó bá wálé ọdún Iléyá. Mo ní a ó dúró dè é. Àjẹ́ńtì gbaná jẹ, ó ní ẹlòmíràn ti ń kó owó bọ̀, ọ̀rọ̀ tí gbogbo àjẹ́ńtì mọ̀ sórí. A dúró, ẹlòmíràn náà kò sì dé.

Lọ́jọ́ ìfọwọ́síwèé, agbẹjọ́rò mi ka gbogbo ìwé náà ní èdè Yorùbá fún àwọn àgbà tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ka, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti kà á fún wọn, ó sì yé wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé òun kò mọ ohun tí òun tẹ̀ka sí. Inú àkáǹtì ẹbí ni mo san owó sí, wọ́n sì fún mi ní rìsíìtì. Ohun tí mo rin kinkin mọ́ jù ni owó ọmọ onílẹ̀. A ti dúnàádúrà owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìn àti owó òrùlé ṣáájú, a sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé iye tí mo san ti kó gbogbo wọn pọ̀. Olùrà tó bá fi èyí sílẹ̀ di ọjọ́ tó fẹ́ kọ́lé yóò máa dúnàádúrà nígbà tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ti wà lórí ilẹ̀.

Owó àjẹ́ńtì, ti agbẹjọ́rò, ti awọnlẹ̀ àti owó òǹtẹ̀ ìjọba kò sí nínú iye tí wọ́n dá lé ilẹ̀. Mo pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, iye yẹn ni mo sì kà sí owó ilẹ̀ náà nígbà tí mo bá ń ṣírò èrè. Nítorí pé ilẹ̀ ẹbí ni, tí kò ní C of O, ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ tí gómìnà ń fúnni, rí, èmi fúnra mi ni mo béèrè fún un ní Sẹkitéríàtì ní Agodi. Bí ẹni tó tà á bá ti ní i ni, àṣẹ gómìnà lórí títà náà ni ìbá jẹ́ ohun tí n ó máa wá.

Ilẹ̀ tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ máa ń wu ẹlòmíràn láti tún tà. Mo ní kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù yí i ká dé orókún, mo sì gba ará àdúgbò kan láàyè láti gbin àgbàdo síbẹ̀. A kọ ìwé pé ọ̀fẹ́ ni, pé kò ní í san ìṣákọ́lẹ̀ fún mi, pé kò ní í gbin kòkó, ọ̀pẹ tàbí igi mìíràn tí ń pẹ́ lórí ilẹ̀, àti pé yóò kó jáde lẹ́yìn ìkórè tí mo bá sọ fún un. Èmi àti òun fọwọ́ sí i, agbẹjọ́rò sì mú ẹ̀dà kan.