Bó o ṣe lè fi fóònù wá ìrànlọ́wọ́ fún ọkàn àti ojú ara rẹ láìjẹ́ pé gbogbo ilé gbọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi obìnrin tẹ́ ẹ wà ní Tanke, ní Ọ̀fà, ní Òmù-Àrán, mo mọ bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ tiwa. O fẹ́ béèrè nǹkan nípa ara rẹ, ẹni tó ni kẹ́míìsì iwájú ilé, ọ̀rẹ́ bàbá ẹ ni, nọ́ọ̀sì tó wà ní hẹ́ọ̀tù sẹ́ńtà, òun àti ìyá ẹ jọ ń lọ àsàlátù ní gbogbo Sunday, tàbí kí wọ́n jọ wà nínú kọ́yà. Fóònù nìkan ló kù. Ó sì lè ràn ẹ́ lọ́wọ́ gan-an, àmọ́ ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Fóònù yẹn gan-an ni kó o kọ́kọ́ tún ṣe, kó o tó béèrè ohunkóhun. Nígbà tí mo wà ní 200 level, mo bi nọ́ọ̀sì kan lórí WhatsApp nípa nǹkan oṣù mi tí kò wá, mo gbé fóònù sórí tábìlì mo lọ pọn omi, ìdáhùn ẹ̀ wọlé, ó hàn gbangba lójú fóònù, àǹtí mi ló kọ́kọ́ kà á. Kò sí oyún kankan o, wàhálà ìdánwò àti àìsùn ló dá nǹkan oṣù yẹn dúró, àmọ́ odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi lè wojú ẹnikẹ́ni nílé. Torí náà, wọ Settings, lọ sí Notifications, kó o ṣe é kí ọ̀rọ̀ inú mẹ́sééjì má máa hàn nígbà tí fóònù bá wà ní títì. Lórí WhatsApp, tẹ orúkọ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, yan Lock chat. Disappearing messages náà wà níbẹ̀, o lè ní kí ọ̀rọ̀ pa rẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 90, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lódì kejì ṣì lè ya àwòrán ẹ̀ pa mọ́, fi ìyẹn sọ́kàn. Wá yẹ Linked devices wò. Mo ti rí ọmọbìnrin tí bọ̀ọ́fúrẹ́ńdì ẹ̀ ti so WhatsApp ẹ̀ mọ́ láptọ́ọ̀pù tiẹ̀, tó ń ka gbogbo nǹkan. Tó o bá rí èyí tí o ò mọ̀, log out. Tó bá sì jẹ́ pé ìwọ àti àbúrò ẹ lẹ jọ ń lo fóònù kan, pípè dáa ju títẹ̀ lọ, kó o yọ nọ́ńbà náà kúrò tẹ́ ẹ bá ti sọ̀rọ̀ tán.

Lẹ́yìn ìyẹn, kọ ohun tó ń ṣe ẹ́ sílẹ̀ kó o tó fi ránṣẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́ mo ní infection" ò tó. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ṣé ó ń yún ẹ́, ṣé ó ń rùn, àwọ̀ wo ló ní, ọjọ́ wo lo rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn, ṣé o bá ẹnì kan sùn, ìgbà wo, oògùn wo lo ti lò. Má purọ́ níbẹ̀, irọ́ ló ń jẹ́ kí wọ́n fún èèyàn ní oògùn tí kì í ṣe tiẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkàn, bó ṣe ń rí lára ẹ ni kó o kọ, Yorùbá lo máa fi kọ ọ́ tó bá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn: àyà mi ń já láìnídìí, mi ò lè sùn, mi ò fẹ́ rí èèyàn, oúnjẹ ò lọ. Kó o sọ iye ọjọ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀, torí ìbànújẹ́ tí ò kúrò lára èèyàn fún ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn dókítà máa ń fẹ́ yẹ̀ wò dáadáa. Ìsoríkọ́ ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe pé àdúrà ẹ ò tó.

Wá mọ ẹni tó ń dá ẹ lóhùn. Fún ọ̀rọ̀ ọkàn, Mentally Aware Nigeria Initiative wà, àwọn tí gbogbo èèyàn ń pè ní MANI, She Writes Woman náà wà. Fún fẹ́mílì pláníìnì àti ọ̀rọ̀ abẹ́, Marie Stopes wà, MSI ni wọ́n ń jẹ́ báyìí. Ojú ewé tiwọn gan-an ni kó o ti mú nọ́ńbà, kì í ṣe inú broadcast tí ẹnì kan forward. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ní dókítà tàbí nọ́ọ̀sì lòun, béèrè ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ àti nọ́ńbà ìwé àṣẹ ẹ̀, oníṣẹ́ tòótọ́ ò ní bínú. Ẹni tó bá ní kó o ya ìhòòhò rán sóun kóun tó dáhùn, block ẹ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn tó ń ta "flusher" fún "toilet infection" ló ń dùn mí jù. Wọ́n pọ̀ lórí status, wọ́n á ní gbogbo ohun tó ń jáde lójú ara ẹ ni àrùn, kó o wá ra ìgò kan, kó o ki nǹkan kan sínú. Ẹ gbọ́, ojú ara obìnrin máa ń fọ ara ẹ̀ fúnra ẹ̀. Omi tó funfun díẹ̀ tàbí tó mọ́ gaara, tí ò rùn, tí ò yúnni, ara ló ni ín, ó sì máa ń yí padà bí oṣù ṣe ń lọ. Fífi nǹkan fọ inú ló ń da ibẹ̀ rú, tí àrùn gidi á fi rí àyè. Àtọ̀sí náà kì í tinú àwo ṣáláńgá fò mọ́ èèyàn. Tó bá ń rùn, tó ń yún, tàbí ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn ẹ́, àyẹ̀wò ló kàn, kì í ṣe ìgò.

Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé wákàtí ni wọ́n fi ń ka àkókò wọn, má fi wọ́n dúró de ìdáhùn lórí fóònù. Tó o bá ṣe é láìlo kọ́ńdọ̀mù tí o ò sì fẹ́ lóyún, oògùn tí wọ́n ń pè ní Postinor 2 ń ṣiṣẹ́ láàárín wákàtí 72, bó bá ṣe tètè tó ló ṣe dáa tó, hóró méjèèjì o lè lò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣẹ́ oyún tó ti wà nílẹ̀. Omi iyọ̀, Alabukun pẹ̀lú 7up, Ampiclox, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń dá oyún dúró. Tó o bá ń bẹ̀rù HIV, oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní PEP, inú wákàtí 72 náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wàá sì lò ó fún ọjọ́ 28. Ẹ má dúró sí Ọ̀fà kẹ́ ẹ máa rò ó títí ọjọ́ kẹta fi pé, ẹ wọkọ̀ wá sí UITH, hósípítù ńlá ti yunifásítì Ìlọrin, tí hósípítù ìtòsí yín ò bá ní in.

Tí wọ́n bá fipá bá ẹ sùn, àṣìṣe ẹ kọ́ o. Tó o bá lè ṣe é, má tíì wẹ̀, kó aṣọ náà sínú páálí tàbí báàgì bébà, má kó o sínú nylon, kó o lọ sí hósípítù. Tó o bá ti wẹ̀, ṣì lọ. Nọ́ńbà 112 wà fún pàjáwìrì, 627 ni ti NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò àti irú ìwà ipá báyìí.

Tó bá jẹ́ pé ó ń ṣe ẹ́ bíi kó o kú, má dá wà nínú yàrá pẹ̀lú fóònù. Pe ẹnì kan tó fẹ́ràn ẹ, sọ fún un pé "wá jókòó tì mí", kó bá ẹ gbé ohunkóhun tó lè pa ẹ́ lára kúrò nílé, kẹ́ ẹ jọ lọ sí hósípítù.

Tí ẹni tó ń dá ẹ lóhùn lórí fóònù bá ní kó o wá sí hósípítù fúnra ẹ, má jẹ́ kí ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì dẹ́rù bà ẹ́. Èrò máa ń wà níbẹ̀, akọ̀wé á sì bèèrè sókè pé kí ló ń ṣe ẹ́. "Mo fẹ́ rí dókítà, ọ̀rọ̀ obìnrin ni" ti tó. Èyí tó kù, inú yàrá dókítà lo ti máa sọ ọ́, o sì lè ní kí wọ́n pa ilẹ̀kùn dé kó o tó bẹ̀rẹ̀.