Bí mo ṣe to tábìlì oúnjẹ Ẹstóníà fún àwọn àlejò òtẹ́ẹ̀lì wa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìlú Tallinn ni mo wà, ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìdí oúnjẹ àárọ̀ gan-an ni wọ́n fi mí sí. Ọ̀rọ̀ kan sì ti ń dùn mí tipẹ́. Àlejò á wọ bàálù wá sí Ẹstóníà, á sùn, á jí, sọ́séèjì àti ẹ̀wà inú agolo la máa gbé síwájú ẹ̀, èyí tó jẹ ní Lọ́ńdọ̀nù náà ló tún jẹ níbí. Bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ń bẹ nílùú yìí o! Mo bá lọ bá ọ̀gá wa, mo ní ọjọ́ 24 oṣù kejì tó jẹ́ ọjọ́ òmìnira wọn, tí wọ́n kéde lọ́dún 1918, ẹ fún mi ní tábìlì kan péré, kó jẹ́ oúnjẹ ibí nìkan ló máa wà lórí ẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní ó dáa.

Búrẹ́dì ni mo kọ́kọ́ wá. Leib ni wọ́n ń pe búrẹ́dì dúdú wọn, ìyẹ̀fun rye, ọkà kan tó jọ àlìkámà, ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á jẹ́ kó kan bí àwa náà ṣe ń jẹ́ kí ògì kan. Ẹ má fojú kéré ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn o. Tí wọ́n bá bá èèyàn nídìí oúnjẹ, "jätku leiba" ni wọ́n ń kí i, ìyẹn ni pé kí búrẹ́dì má tán nílé yín.

Ẹja kilu ló gba àsìkò mi jù. Ẹja kékeré ni, gígùn ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ, inú iyọ̀ àti èròjà ni wọ́n ti ń rẹ ẹ́. Ó gbajúmọ̀ débi pé àwòrán Tallinn àtijọ́ ni wọ́n ń yà sára agolo ẹ̀. Èyí tí mo rà ní ọjà Balti Jaam, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó rélùwéè, ṣì ní orí àti egungun, alẹ́ ọjọ́ 23 ni mo jókòó tì í. Mo já orí, ìfun tẹ̀ lé e, mo wá fi àtàǹpàkò tọ ẹ̀gbẹ́ egungun láti ọrùn dé ìrù, jẹ́jẹ́, egungun á yọ lẹ́ẹ̀kan náà tòun tìrù. Èyí tí mo bá fi agbára fà, ṣe ló ń já. Bíi mẹ́wàá bà jẹ́ kí ọwọ́ mi tó mọ̀ ọ́n. Mo gé leib, mo fi bọ́tà pa á, mo to ẹyin sísè sí i, mo tẹ́ kilu lé e, mo wọ́n àlùbọ́sà eléwé sí i. Kiluvõileib nìyẹn, oúnjẹ ọjọ́ òmìnira wọn gan-an.

Ìdájí ni mo sè mulgipuder, pòtétò àti ọkà bálì tí wọ́n jọ ń sè pọ̀ títí á fi rọ̀, wọ́n á gún un, wọ́n á da ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín àti àlùbọ́sà lé e. Apá gúúsù ni, ní Mulgimaa, ló ti wá, ọdún 2024 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi àṣà sísè ẹ̀ sára àwọn àjogúnbá àṣà aráyé. Iná mi le jù, ìdí ìkòkò fẹ́ jó, mo yáa dà á sínú òmíràn láì ro ìsàlẹ̀.

Kama ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀. Ọkà bálì, rye, ọ́òtì àti ẹ̀wà píìsì ni wọ́n yan, tí wọ́n wá lọ̀ pọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tú ọ̀rá ẹ̀, òórùn àádùn ló gbà mí nímú, àádùn tí màámi máa ń rà fún wa, mo kàn dúró síbẹ̀ ni. Mo pò ó mọ́ keefir, wàrà kíkan wọn, mo fi oyin sí i, mo sì fi í sílẹ̀ díẹ̀ torí ó máa ń wú bíi gààrí.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n ń fa àsíá sókè lórí ilé gogoro Pikk Hermann bí oòrùn ṣe ń yọ, ọ̀pọ̀ àlejò wa ló lọ wò ó, òtútù ti mú wọn kí wọ́n tó dé. Ìdí tábìlì mi ni wọ́n gbà lọ tààrà. Ìyá àgbà kan, ọmọ ilẹ̀ yìí, jẹ kiluvõileib kan, ó bi mí pé ta ló yọ egungun ẹja yìí, mo ní èmi ni mà. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní "jätku leiba", ó tún mú méjì sí i. Inú mi dùn kọjá sísọ.

Ọ̀gá ní kí tábìlì yẹn má kúrò níbẹ̀ mọ́. Leib àti kama wà níbẹ̀ láàárọ̀ òní, kilu la fi sí ọjọ́ Sátidé, torí iṣẹ́ egungun ẹ̀ pọ̀.