Oúnjẹ tí mo fi ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì ló da iṣẹ́ mi rú

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bínú sí TNF, èròjà inú ara tó máa ń mú kí ara wú. Kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ju èyí lọ: tí ibì kan lára bá wú, tó pọ́n, tó gbóná, ṣé èròjà tó ń mú sẹ́ẹ̀lì dàgbà máa ń dá kún un ni àbí ó ń rọ̀ ọ́ lójú? HUVEC ni mo lò, sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú iṣan okùn ìwọ́ ọmọ bí ẹní. TNF la fi ń tọ́ wọn níjà. Tó bá ti kàn wọ́n, wọ́n á yọ ìkọ́ síta, E-selectin, VCAM-1 àti ICAM-1, kí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá lọ lè rí nǹkan dì mú.

Mo fi TNF sí i, nánógíráàmù 10 sínú mílílítà kan, mo sì dúró fún wákàtí 5. Mo da sẹ́ẹ̀lì funfun lé wọn lórí. Fífọ̀ ló gba sùúrù: mo dẹ abọ́ náà díẹ̀, mo fi ẹnu pípẹ́ẹ̀tì kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí omi rọra ṣàn wọlé. Bí o bá da omi sáàárín gbàgede, o ti gbá ẹní náà dànù. Mo wojú máíkíróskóòpù. Táṣẹ́rẹ́ ló lẹ̀ mọ́ ọn. Mo pààrọ̀ TNF, ibi tí mo wà náà ni mo tún wà.

Lọ́jọ́ kan tí mo ń dúró de ẹ̀rọ, mo kàn ń ka ara ìgò oúnjẹ wọn ni. VEGF, bFGF àti EGF, èròjà ìdàgbà mẹ́ta, pẹ̀lú hydrocortisone. Hydrocortisone kẹ̀! Oògùn tí wọ́n fi ń pa ara wíwú nìyẹn. Mò ń fi ọwọ́ ọ̀tún dáná, mò ń fi tòsì bu omi pa á.

Mo tún un ṣe pẹ̀lú oúnjẹ tí kò ní hydrocortisone, tí kò sì ní èròjà ìdàgbà kankan àfi èyí tí mo bá fọwọ́ ara mi fi sí i. Àwọn kan jẹ bFGF fún ọjọ́ mẹ́ta kí TNF tó dé. Àwọn kan rí VEGF nìkan. Àwọn kan kò rí nǹkan kan. Mo ní kí ẹlẹgbẹ́ mi bo orúkọ ara abọ́ kí n tó kà wọ́n, torí ojú máa ń rí ohun tí ọkàn ń fẹ́.

Níbi tí TNF dá wà, wọ́n lẹ̀ wìtìwìtì. Níbi tí bFGF ti ṣáájú, wọ́n dín kù gan-an. VEGF ló yà mí lẹ́nu: láìsí TNF rárá, sẹ́ẹ̀lì funfun díẹ̀ lẹ̀ mọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó yà mí lẹ́nu, nítorí VEGF náà máa ń jí NF-κB, ẹni tí TNF ń rán níṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì. Lọ́dún 1983, kí wọ́n tó máa pè é ní VEGF, ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí ni pé ó ń mú kí iṣan máa jò. Bí bFGF àti VEGF ṣe ń jẹ́ orúkọ kan náà, èròjà ìdàgbà, ìwà wọn ò jọra.

Ìgò àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà nínú fíríìjì. Mo ti fi máàkà kọ “panápaná” sórí ìdérí rẹ̀.