Hítà ọkọ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn tútù: ohun tó tún tèmi ṣe

Láàárọ̀ òjò ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, èémí wa máa ń bo gíláàsì iwájú. Ẹ́ńjìnnì gbóná, síbẹ̀ atẹ́gùn tútù ni hítà ń fẹ́, omi sì ń dún kùlùkùlù lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. A pààrọ̀ tamositáàtì (ohun tó ń ṣí ọ̀nà fún omi ẹ́ńjìnnì tó bá ti gbóná), kò yí padà.

Afẹ́fẹ́ ló há sínú rédíétọ̀ kékeré ti hítà, kò jẹ́ kí omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ráyè kọjá níbẹ̀. Mo gbé imú ọkọ̀ kọjú sókè ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo fi òkúta dí táyà. Ẹ́ńjìnnì ṣì tutù nígbà tí mo ṣí ìdérí rédíétọ̀ ńlá (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i ní gbígbóná, á bó yín!). Mo yí hítà sí gbígbóná pátápátá, mo tan ọkọ̀, mo ń bu coolant (omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù) sí i díẹ̀díẹ̀ títí afẹ́fẹ́ ò fi hó jáde nínú omi mọ́. Ooru dé! Bí omi tiyín bá ń dínkù lemọ́lemọ́, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ti ń jò.