Bí Forklift Tàbí Ẹ̀rọ Agbénisókè Bá Ṣe Yín Léṣe ní Sáìtì

Bí ẹ̀rọ tí ó ń gbé òṣìṣẹ́ lọ sókè bá kan wáyà iná, kí ẹni tí ó wà nílẹ̀ má ṣe fọwọ́ kàn án títí a ó fi pa iná náà, nítorí pé irin rẹ̀ lè gbé iná pa ẹni tí ó sáré wá ṣèrànwọ́. Bí forklift, ọkọ̀ tí a fi ń gbé ẹrù wúwo, bá sì ń ṣubú lọ, kí awakọ̀ má bẹ́ sílẹ̀ rárá. Kí ó jókòó sí àyè rẹ̀, kí ó di sitíárì mú ṣinṣin, kí ó sì fara tì sí òdìkejì ibi tí ọkọ̀ ń wó sí. Ẹni tí ó bẹ́ ni irin orí ọkọ̀ sábà máa ń wó lù.

Ní ilé ìwòsàn, ẹ sọ fún dókítà pé ẹnu iṣẹ́ ni ẹ ti farapa, kí ẹ sì dárúkọ ẹ̀rọ náà. Bí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀, kò ṣòro fún ọ̀gá láti sọ pé ọ̀kadà ni ó gbá yín lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe lórí rẹ̀ ní ọdún 2010 kò yọ lébírà tàbí ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀, ìbáà ṣe ẹnu lásán ni wọ́n fi gbà yín síṣẹ́. Láàárín ọjọ́ 14, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó ọ̀gá tàbí fóòmàn létí. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, àwọn tí ó ń gbọ́ bùkátà wọn ni yóò ṣe é. Lójú tèmi, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́. Òfin kò béèrè èdè agbẹjọ́rò. Orúkọ yín, àkókò, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ àti ohun tí ó fà á ti tó: “Láago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, forklift tí ó gbé búlọ́ọ̀kù ń fẹ̀yìn rìn, táyà rẹ̀ sì gun ẹsẹ̀ ọ̀tún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí à ń kó sìmẹ́ńtì sí.”

Ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti ròyìn rẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń san owó gbà-má-bínú yìí, ẹ̀yin náà sì ní ọdún kan láti fi béèrè owó náà. Kọngílá kan lè fún yín ní owó oògùn, kí ó ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé pé ẹ kò ní béèrè ohunkóhun mọ́. Òfin kò gbà kí òṣìṣẹ́ fi ẹ̀tọ́ yìí sílẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, nítorí náà, bí wọ́n bá ti mú yín fọwọ́ sí i, ẹ ṣì lè lọ sí ọ́fíìsì NSITF tí ó súnmọ́ yín.