Ẹ má bá Ọlọ́run ná májẹ̀mú

"Olúwa, bí o bá fún mi ní físà, n ó ra ọkọ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì." Ẹ̀jẹ́ nìyẹn, irú èyí tí Jékọ́bù jẹ́ ní Bẹ́tẹ́lì. Ẹ má pè é ní májẹ̀mú.

Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 15. Ábúrámù mú ẹgbọrọ màlúù, ewúrẹ́ àti àgbò, ọlọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta, ó là wọ́n sí méjì, ó tò wọ́n kọjú síra. Ẹyẹ ń bà lé òkú ẹran, ó ń lé wọn. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá ń dá májẹ̀mú a máa gba àárín ẹran bẹ́ẹ̀ kọjá, pé kí ohun tó ṣe ẹran ṣe òun bí òun bá dalẹ̀. Jeremáyà orí 34 sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀ tán, oorun ti gbé Ábúrámù lọ. Ìléru tó ń rú èéfín àti iná fìtílà nìkan ló kọjá. Ọlọ́run ni iná yẹn dúró fún: òun nìkan ló forí ara rẹ̀ búra. Kí lèèyàn fẹ́ ná níbẹ̀?

Ẹ má sì torí ìyẹn sọ pé Ọlọ́run kò béèrè nǹkan kan. Ẹni ọdún 99 ni Ábúrámù, tó ti di Ábúráhámù, nígbà tó kọlà, àmì májẹ̀mú náà. Títí dòní, ọjọ́ kẹjọ làwọn Júù ń dá abẹ́ fún ọmọkùnrin, ìbáà bọ́ sí ọjọ́ Sábáàtì, àfi bí ara ọmọ náà kò bá yá. Ọjọ́ náà ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ. (Ọjọ́ kẹjọ tiwa náà ńkọ́?)

Èyí tó burú jù ni kí Kristẹni máa wí pé Ọlọ́run ti kọ Júù sílẹ̀. Májẹ̀mú tuntun tí à ń dárúkọ nídìí ife Oúnjẹ Olúwa, ilé Ísírẹ́lì àti ilé Júdà ni Jeremáyà 31 ní a ó bá dá a. Ẹ̀ka ólífì ìgbẹ́ tí wọ́n lọ́ mọ́ igi ni Pọ́ọ̀lù pe àwa kèfèrí nínú Róòmù 11, ó ní kí a má fọ́nnu sí àwọn ẹ̀ka tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí gbòǹgbò ló gbé wa ró. Ní Mainz ní Jámánì, lọ́dún 1980, Póòpù John Paul Kejì sọ fún àwọn Júù pé Ọlọ́run kò fagi lé májẹ̀mú wọn rí.

Ẹ̀yin Mẹ́tọ́díìsì, tiyín kù. Láti ọdún 1755 ni John Wesley ti bẹ̀rẹ̀ ìsìn májẹ̀mú tí ẹ ń ṣe lóṣù January. Àdúrà ibẹ̀ ní kí Ọlọ́run fi yín síbi iṣẹ́ tàbí síbi ìyà, kó lò yín tàbí kó pa yín tì. Ẹ má kà á bí ẹní ń sáré ka ìkéde. Ẹ kọ́kọ́ kà á nílé. Bí ẹnu yín kò bá gbà á, ẹ dákẹ́ níbẹ̀.