Gọ́tà dí, títì bẹ́: báa ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ àdúgbò dé kánsù tí wọ́n á fi jáde wá wò ó

Ẹ kú òjò o, ẹ̀yin ará Ìlọrin àti ẹ̀yin ará wa níhà Ọ̀fà, Ìgbómìnà, Èkìtì Kwárà lọ́hùn-ún. Gbogbo ìgbà tójò bá ti dé báyìí la máa ń pariwo, lórí rédíò, lórí WhatsApp àdúgbò, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, pé ìjọba ò ṣe nǹkankan, omi wọ pálọ̀, kòtò gbé ọ̀kadà mì, iná títì ti kú látèṣí. Òótọ́ ni, mi ò bá yín jiyàn. Àmọ́ ẹ bi ẹni tó ń pariwo yẹn pé ọ́fíìsì wo ló mú ẹjọ́ náà lọ, ta ló gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, nọ́ńbà wo ni wọ́n kọ sí i, ẹ ó rí i pé á bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ họrí. Inú fáìlì ni kánsù ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí ò bá sí nínú fáìlì, lójú tiwọn kò tíì ṣẹlẹ̀. Torí náà ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe ń wọ fáìlì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ín

Ìlọrin táà ń pè ní ìlú kan yìí, kánsù mẹ́ta ló pín in. Bàbókò, Adéwọlé, Olóje, Òkó-Erin, Ilorin West ni wọ́n, ọ̀nà Wárà-Òṣìn ni kánsù wọn wà. Zángò àti Gàmbàrí wà ní Ilorin East, Òkè-Oyi ni olú kánsù ìyẹn. Gáà-Akànbí àti Tánkẹ́, Ilorin South ni, Fúfù ni tiwọn wà. Ṣẹ́ẹ rí i báyìí, ará Tánkẹ́ tó bá wọ kẹ̀kẹ́ lọ Wárà, àlọ lásán ló lọ, wọ́n á kàn sọ fún un tẹ̀ríntẹ̀rín pé "Alhaji, ẹ ò sí lábẹ́ wa o," á sì padà sílé á ní ìjọba ò gbọ́ tòun.

Níhà gúúsù, ti ará Ọ̀fà rọrùn, kánsù wọn wà nínú ìlú. Àmọ́ ará Ìgbàjà, Ṣàárẹ́ ni yóò lọ torí abẹ́ kánsù Ìfẹ́lódùn ló wà, ó sì jìn. Ará Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òrò, Ọmù-Àrán ni kánsù tiwọn wà. Ti Ọ̀yún wà ní Ìlémọ́nà. Ti Ìsin wà ní Òwù-Ìsin, ti Òkè-Ẹ̀rọ sì wà ní Ìlọ́fà. Ẹ pe káńsílọ̀ yín lórí fóònù kẹ́ẹ tó sanwó mọ́tò, wọ́ọ̀dù 193 ló wà ní Kwárà, gbogbo wọn ló sì dìbò yan káńsílọ̀ ní September 21, 2024, kò sídìí tẹ́ẹ fi máa sọ pé ẹ ò mọ tiyín.

Tẹ́ẹ bá ti mọ kánsù, ó ku kẹ́ẹ mọ̀ bóyá nǹkan ọ̀hún jẹ́ ti kánsù lóòótọ́. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, níbi àfikún kẹrin rẹ̀, ló ka iṣẹ́ kánsù sílẹ̀: títì àdúgbò, iná títì, gọ́tà, ọjà, gáréèjì, ibi ìsìnkú, ilé ìpẹran, ilé ìyàgbẹ́ gbogboògbò, kíkó pàǹtí, títí dórí orúkọ àdúgbò àti nọ́ńbà ojúlé. Àmọ́ títì ńlá tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wọ Ìlọrin tó sì gba ibẹ̀ lọ sí Jẹ́bà, ti ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, FERMA ló ń tún un ṣe láti 2002 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Títì tó bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ẹ lọ sí mínísìrì Works, àwọn tó ń bójú tó títì, tàbí KWARMA, àjọ tó ń tún títì ìpínlẹ̀ ṣe. Páìpù omi tó bẹ́, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ omi ìpínlẹ̀ ni, òpó iná tó fẹ́ ṣubú, ọ̀dọ̀ IBEDC tó ń pín iná. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè: alága kánsù ò lè kọjá àyè ẹ̀ lọ fọ́ títì ìjọba àpapọ̀, bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin náà ò lè retí kí kọmíṣánnà fúnra ẹ̀ wá kó gọ́tà ẹ̀yìnkùlé yín. Tí kò bá yé yín ta ló ni títì kan, ẹ bi àwọn awakọ̀ tó ti pẹ́ lójú ọ̀nà yẹn tàbí ẹ bi ọ́fíìsì Works kánsù fúnra wọn, ìyẹn gan-an ni ìbéèrè tí wọ́n máa ń dáhùn kíá, torí inú wọn máa ń dùn láti sọ pé kì í ṣe tàwọn.

Ẹ wo gọ́tà náà bí ẹni tó fẹ́ rà á

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ẹ fara balẹ̀ sí. "Gọ́tà wa ti dí" kì í ṣe ẹjọ́, gbogbo gọ́tà ló dí. Ẹ mú igi gbọọrọ kan, ẹ tì í wọ inú ẹrẹ̀ títí yóò fi kan kọnkéré nísàlẹ̀, ẹ fà á jáde, ẹ wo ibi tí ẹrẹ̀ ga dé lára ẹ̀, kẹ́ẹ fi tépù télọ̀ wọ̀n ọ́n. Tí gọ́tà bá jìn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ tí ẹrẹ̀ sì ti gba méjì nínú ẹ̀, ẹ ò nílò gírámà kankan mọ́, ẹnjiníà tó bá kà á ti mọ iye èèyàn àti irú irinṣẹ́ tó máa kó wá.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lọ síbi kọ́fátì, afárá kékeré tómi ń gba abẹ́ ẹ̀ sọdá títì. Ẹ wo apá méjèèjì. Tómi bá dúró lápá òkè tí apá ìsàlẹ̀ sì gbẹ, inú kọ́fátì gan-an ló dí, náílọ̀n píọ̀ wọ́tà àti àpò sìmẹ́ǹtì ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ìgbà míì sì rèé orí ẹ̀ ló ti wó sínú. Tó bá jẹ́ apá méjèèjì lomi dúró sí, ẹ má tíì dá kọ́fátì lẹ́bi, ohun tó dínà wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ máa tẹ̀lé gọ́tà lọ, ẹ lè bá ẹni tó da yanrìn ilé tó ń kọ́ síbẹ̀ tàbí ẹni tó ti de pèpéle ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ mọ́ orí gọ́tà láìfi ojú kankan sílẹ̀ tí wọ́n lè gbà kó o. Omi Ìlọrin, odò Asà ni púpọ̀ ẹ̀ ń wá lọ, àdúgbò tó wà lókè ló ń fi pàǹtí ránṣẹ́ sí ti ìsàlẹ̀, nígbà míì ẹ ó rí i pé ohun tó ń da ilé yín láàmú ò sí lójúlé yín rárá.

Ní ti kòtò títì, ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú, ẹ má kọ lẹ́tà pé kí wọ́n wá fọ̀dà dí kòtò nígbà tí gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣì dí. Omi tí ò ríbi gbà ló ń dúró lórí títì, á rin wọ abẹ́ ọ̀dà, mọ́tò á máa tẹ̀ ẹ́, ọ̀dà á ṣí. Ẹ kọ méjèèjì pọ̀, gọ́tà kọ́kọ́, kòtò tẹ̀lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ibi tí wọ́n dí yẹn ò ní rí òjò ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ ya fọ́tò nígbà tójò ń rọ̀, kẹ́ẹ tún yà á nígbà tó bá dá, láti ojú ibì kan náà. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síbẹ̀ kí wọ́n fi mọ bó ṣe tóbi tó. Fọ́tò tí ojú yín gba gbogbo ẹ̀ tí gọ́tà wá wà lẹ́yìn, ẹ fìyẹn sórí sítétọ́ọ̀sì yín o.

Lẹ́tà

Ojú ìwé kan péré. Alága kánsù lẹ máa kọ ọ́ sí, ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ pé kó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹ̀ka Works. Ẹ fún káńsílọ̀ ní kọ́pì kan, ẹ fún Mágàjí tàbí Alángúà yín, ìyẹn olórí àdúgbò, ní kọ́pì kan, tó bá jẹ́ ìlú kékeré, Ọba tàbí Baálẹ̀. Ẹ má fojú kéré èyí, ní Ìlọrin ńbí Mágàjí tó bá fóònù kánsù lẹ́ẹ̀kan, lẹ́tà á rìn. Níhà gúúsù, ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú ló lágbára jù, Ọ̀fà ní Offa Descendants' Union, ọ̀pọ̀ ìlú Ìgbómìnà náà sì ní tiwọn, orí ìwé ẹgbẹ́ ni kẹ́ẹ kọ lẹ́tà sí tẹ́ẹ bá ti lè rí i gbà.

Ohun tó máa wà nínú ẹ̀ ò ju báyìí lọ, kẹ́ẹ fún ọmọ yín kó kọ ọ́ lóyìnbó tẹ́ẹ bá fẹ́:

"Gọ́tà ọwọ́ òsì téèyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti mọ́ṣáláṣí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti dí. Ó gùn tó ọgọ́ta ìṣísẹ̀. Ó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀, ẹrẹ̀ ti gba méjì nínú ẹ̀. Omi ń wọ kíláàsì méjì àti ilé mẹ́rin. A ti kó iwájú ilé tiwa, èyí tó kù wà lábẹ́ kọ́fátì, ọwọ́ wa ò ká a. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ rán ẹnjiníà wá wò ó. Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ló máa mú wọn yíká, nọ́ńbà ẹ̀ nìyí."

Kẹ́ẹ tó kọ "a ti kó iwájú ilé tiwa," ẹ kó o lóòótọ́ o, torí ohun tí ẹnjiníà máa kọ́kọ́ wò nìyẹn. Ẹ má sì po nǹkan pọ̀. Mo ti rí lẹ́tà tí wọ́n fi tọrọ gọ́tà, tiransifọ́mà, tíṣà, àti ọlọ́pàá lẹ́ẹ̀kan náà. Tábìlì mẹ́rin ni gbogbo ìyẹn ń lọ, lẹ́tà kan ò sì lè jókòó ju orí tábìlì kan lọ, ibi tó bá kọ́kọ́ dé ni á sùn sí.

Níbi tí wọ́n ti ń gbà á

Ẹ gbé kọ́pì méjì lọ. Ẹ wọlé pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "Asalaamu aleekun, ẹ kú iṣẹ́ o sà," kẹ́ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà. Akọ̀wé ibẹ̀ á ṣí ìwé ńlá kan, á kọ déètì, á kọ orúkọ ẹgbẹ́ yín àti ohun tí lẹ́tà dá lé, á fún un ní nọ́ńbà, á lu òǹtẹ̀ sára kọ́pì tiyín. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìrí òǹtẹ̀ yẹn. Bí ẹnì kan bá pàdé yín ní kọ́rídọ̀ tó ní "ẹ mú un wá, èmi ni mo máa fún ọ̀gá," ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ẹ máa lọ síbi ìwé ńlá.

Láti ibẹ̀ lẹ́tà á lọ bá alága, alága á fi báírò kọ gbólóhùn kan sétí ẹ̀ pé kí Works yẹ̀ ẹ́ wò, á wá sọ̀ kalẹ̀ wá sí Works. Torí náà tẹ́ẹ bá padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má béèrè pé "ẹ ti ṣe é?" Ẹ ka nọ́ńbà tí wọ́n fún lẹ́tà yẹn sí wọn létí, kẹ́ẹ ní "ọ̀gá, fáìlì yìí, orí tábìlì ta ló wà báyìí?" Ìbéèrè yìí kì í ṣe é dáhùn pẹ̀lú "à ń ṣe é lọ́wọ́." Wọ́n á wá a, wọ́n á sì rántí ojú yín.

Tí wọ́n bá wá dákẹ́ pátápátá, òfin 2011 tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba wà níbẹ̀, ọjọ́ méje ni ọ́fíìsì ní láti fi dáhùn, ẹ ò sì ní láti ṣàlàyé ohun tẹ́ẹ fẹ́ fi ṣe. Ní April 2025 ilé ẹjọ́ tó ga jù ti dá a pé òfin náà múlẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má sọ fún yín pé Àbújá nìkan ló wà fún. Ẹ lè fi béèrè bóyá gọ́tà yín wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yìí, àti iye tí wọ́n kọ síwájú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi bẹ̀rẹ̀ o, ẹni tó bá fi òfin wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti sọ ara ẹ̀ dọ̀tá kó tó jókòó.

Owó àti àsìkò

Wọn ò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín láti wá wo gọ́tà. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé gírédà wà àmọ́ wọ́n á ní kò sí dísù. Láti July 11, 2024 tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ti ní kí owó kánsù máa lọ tààrà sọ́wọ́ kánsù, mi ò rò pé ó yẹ kí onílé máa ra dísù fún ìjọba mọ́. Àmọ́ tí ẹgbẹ́ yín bá pinnu pé àwọn á rà á torí omi ti fẹ́ gbé ilé lọ, àkáǹtì kánsù ni kẹ́ẹ san án sí, kẹ́ẹ gba rìsíìtì, kì í ṣe ọwọ́ direba.

Iṣẹ́ kékeré bíi kíkó gọ́tà, January sí March ni kẹ́ẹ ti lọ béèrè, kí òjò April tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ September, nígbà tójò pọ̀ jù, ẹ ó kàn tò sẹ́yìn gbogbo àdúgbò ni. Iṣẹ́ ńlá bíi gọ́tà tuntun tàbí kọ́fátì tuntun, owó ẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ bọ́jẹ́ẹ̀tì, January ni ọdún owó ń bẹ̀rẹ̀, torí náà kí lẹ́tà ìyẹn ti dé ọwọ́ wọn ní nǹkan bí August, káńsílọ̀ yín lẹ máa wá dì mú pé kó tẹ̀lé e. Ẹ má sì lọ fúnra yín mọ bọ́m̀pù sójú títì ìjọba àpapọ̀ láìgbàṣẹ, ẹni tó bá fi mọ́tò ṣubú níbẹ̀ lóru, ẹ̀yin ló máa wá bá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá wàyí, kí ẹnì kan látinú ẹgbẹ́ wà níbẹ̀ látàárọ̀ títí wọ́n á fi lọ, kẹ́ẹ fún àwọn tó ń wa ẹrẹ̀ lómi tútù mu. Ohun tẹ́ẹ máa ṣọ́ jù ni ẹrẹ̀ tí wọ́n bá kó jáde. Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni wọ́n máa ń kó o jọ sí, wọ́n á ní típà ń bọ̀ lọ́la. Ẹ bi wọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ pé ibo ni típà wà, tí kò bá sì sí, ẹ wá bárò tiyín kẹ́ẹ kó o kúrò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nítorí òjò kan ṣoṣo ti tó láti gbé gbogbo ẹ̀ padà sínú gọ́tà.